Kìlómítà Mẹ́jọ Tí Mo Sọ

Èmi ni mo sọ pé ooru ńlá wà nítòsí lábẹ́ ilẹ̀ Mbagande, ìlú wa. Bí ẹ bá gbọ́ pé àjèjì kan ló wá tan àwọn ènìyàn wa jẹ, irọ́ ni, ẹ má gbà á. Èmi Hembadoon ọmọ Adzege, tí wọ́n bí sí agbo ilé tó súnmọ́ ìsun omi gbígbóná jù lọ, èmi ni mo ṣírò rẹ̀, tí mo kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo fọwọ́ sí i, tí mo sì ń gbéra ga kiri. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Iṣẹ́ wa ò ṣòro láti ṣàlàyé. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan á máa fò lọ, á máa fò bọ̀, lórí ilẹ̀, ní ìlà ní ìlà bí ẹni tó ń kọ ebè, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ka agbára òòfà tó wà nínú àpáta ìsàlẹ̀. Àpáta púpọ̀ ló ní òòfà nínú. Ṣùgbọ́n bí ooru bá ti dé nǹkan bí ẹgbẹ̀ta dín ogún dígírì, òòfà náà á kú. Nítorí náà, ibi tí òòfà bá parí sí nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni ooru yẹn wà. Kò sẹ́ni tó lè gbẹ́lẹ̀ débẹ̀, ìṣirò la fi ń débẹ̀. A ó wá orí àpáta olóòfà náà, a ó wá àárín rẹ̀, a ó sọ àárín di ìlọ́po méjì, a ó yọ orí kúrò, èyí tó bá ṣẹ́kù ni ìdí rẹ̀. Bí ìdí bá súnmọ́ òkè, ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná. Bó bá jìn, ẹ lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ní ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn, nígbà tí mò ń wá oyè kejì ní yunifásítì ní Makurdi, mo rí orí ní kìlómítà méjì, mo rí àárín ní kìlómítà márùn-ún. Márùn-ún lọ́nà méjì, mẹ́wàá. Mo yọ méjì, ó ku mẹ́jọ. Mẹ́jọ! Ibi tí òkè ti ń tu iná lẹ́nu ni wọ́n ti ń rí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ikyernum, ọ̀gá mi, bọ̀ mí lọ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń dùn mí. A tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀, orúkọ èmi àti tirẹ̀. Ní Mbagande, Bàbá mi pa ewúrẹ́ méjì, wọ́n pọn ọtí burúkútù, ó sì di orin lẹ́nu àwọn obìnrin pé ọmọ Adzege ti rí ohun tó wà nísàlẹ̀ ayé.

Ohun tí mi ò sọ fún wọn, tí mi ò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ fún ara mi, ni pé ojú máàpù kan ṣoṣo ni mo ní. Ojú máàpù kan gba kìlómítà márùndínlọ́gọ́ta lóòró àti níbùú. Mo gé ọ̀kan yẹn sí mẹ́rin, mo sì ṣírò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ìwé tó ní ibi mẹ́rin nínú a máa jọ iṣẹ́ gidi lójú àwọn olùdánwò. Kì í ṣe èmi nìkan ló ń ṣe é. Ẹ wọ ibi ìkówèésí wa, ẹ ó rí i. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó jìn nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wo ilẹ̀ tó fẹ̀ lókè, bí ilẹ̀ tó wò bá ṣe kéré tó ni ìṣirò rẹ̀ ṣe máa kúrú tó. Ó dà bí ẹni tó sọ okùn gígùn apá mẹ́jọ sínú kànga. Okùn tán, ó ní òun ti kan ìsàlẹ̀.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ilé-iṣẹ́ kan ka ìwé wa, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Mbagande. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n fi oru gbígbóná ibẹ̀ ṣe iná mànàmáná. Terngu, ẹgbẹ́ mi, tí a jọ ń jí máńgòrò ní kékeré, ni wọ́n fi ṣe aṣojú láàárín àwọn àti àwọn onílẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ń fẹ́ kì í ṣe ilẹ̀ ẹlòmíràn, ti Bàbá mi ni, àti ti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì, ní àyíká ìsun omi náà. Àwọn àbúrò kọ̀, torí ibojì bàbá wọn wà níbẹ̀. Bàbá mi fi ọdún kan gbáko bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀bẹ̀ kan náà ló ń bẹ̀ lójoojúmọ́: "Ọmọ mi ló sọ ọ́. Kìlómítà mẹ́jọ. Ọmọ mi ò purọ́ rí." Nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe iyèméjì, ó gbé àáké, ó gé ogójì igi ọsàn tirẹ̀ lulẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n lè rí i pé òun kò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbà. Wọ́n ní lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún, gbogbo wọn á tẹ̀ka síwèé.

Ó ku oṣù kan kí ọjọ́ náà pé ni ilé-iṣẹ́ yẹn ní kí n kọ lẹ́tà kékeré kan, pé nọ́ńbà mi ṣì dúró bó ṣe wà. Mo ní kò burú. Mo kàn ní kí n tún un wò kí n tó kọ ọ́. Láti ọdún wọ̀nyí wá, mo ti kó ojú máàpù mẹ́sàn-án jọ. Òmíràn, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi gbà á. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé mo bá olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ní yunifásítì ṣọ́ ìdánwò fún sáà kan gbáko kó tó fún mi. Mo lẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pọ̀ di ilẹ̀ ńlá kan, mi ò gé e. Orí ṣì wà ní kìlómítà méjì. Àárín bọ́ sí mẹ́rìnlá àti ààbọ̀. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, yọ méjì, ó ku mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní mo ti ṣì í. Àṣìṣe kan wà tó máa ń mú àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí: kí ènìyàn gbàgbé láti fi nọ́ńbà òbìrípo tí wọ́n ń pè ní páì, lọ́nà mẹ́rin, pín ohun tó rí, gbogbo ìjìnlẹ̀ á sì wú ju bó ṣe yẹ lọ. Mo wò ó, mi ò gbàgbé. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, mo tún un ṣe lọ́jọ́ kẹta. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Níkẹyìn mo mú ilẹ̀ ńlá náà, mo gé e wẹ́wẹ́ bí mo ṣe gé e láyé ọjọ́sí, mo ṣírò rẹ̀. Gbogbo ibi tí mo gé ló fún mi ní nǹkan bíi mẹ́jọ, ìbáà jẹ́ Mbagande, ìbáà jẹ́ ibi tí kò sí ìsun omi kankan. Mẹ́jọ yẹn kì í ṣe ooru ìlú mi. Gígùn okùn mi ni.

Ojú tì mí, inú sì bí mi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi lọ fún méjìlá.

Mo gbé e lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Ikyernum, tó ti fẹ̀yìntì. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ń jẹ iṣu sísun àti epo.

"Ta ló bi ọ́ léèrè?" ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà ni, sà."

"Lẹ́tà pé nọ́ńbà dúró. Wọn ò ní kí o tún un ṣe. Jókòó, mú iṣu. Hemba, àfojúdá ni iṣẹ́ wa yìí. Ìwọ á rí mẹ́jọ, ẹlòmíràn á rí mẹ́rìnlá, ẹlòmíràn á rí ogún. Ta ló ti débẹ̀ rí tó bọ̀ wá sọ?"

"Àwọn tó fẹ́ gbẹ́ ibẹ̀ ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, sà."

"Kí wọ́n gbẹ́ ẹ! Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tí kò gbóná, wọ́n á ní ilẹ̀ ló ya alágídí. Ṣé wọ́n á wá mú wa ni?" Ó nu epo nù lọ́wọ́. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Orúkọ mi wà lórí ìwé yẹn o. Àwọn tó máa jókòó láti pinnu ìgbéga rẹ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún yìí, akẹ́kọ̀ọ́ mi ni gbogbo wọn. Má fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ara rẹ."

"Ọwọ́ mi ló ti ṣe é tẹ́lẹ̀, sà. Mo fẹ́ fi ọwọ́ kan náà tún un ṣe ni."

Mo jẹ iṣu rẹ̀ tán, torí ebi ń pa mí, mo sì dúpẹ́. Nígbà tí mo délé, mo kọ lẹ́tà kan sí àwọn olóòtú ìwé àwọn onímọ̀ yẹn. Kò ju ojú ìwé kan lọ: nọ́ńbà tí a tẹ̀ lọ́dún méjìlá sẹ́yìn kò tọ̀nà, ìdí rẹ̀ rèé, ẹ yọ ọ́ kúrò. Mo kọ orúkọ mi sísàlẹ̀, èmi nìkan. Mi ò tíì fi ránṣẹ́. Mo ní ó yẹ kí Mbagande gbọ́ ọ kí àwọn tó wà lókè òkun tó kà á.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé ìtẹ̀ka ni mo dé Mbagande. Bàbá mi wà lẹ́yìn ilé, ó ń gé iṣu tó fẹ́ gbìn. Mama Nyitamen, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, jókòó tì í, ó ń fẹ́ yànmọtí. Mi ò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Mo sọ ọ́ látòkèdélẹ̀, okùn àti kànga, gbogbo rẹ̀. Ọ̀bẹ ọwọ́ Bàbá dúró.

"Nọ́ńbà wo ni mo gbé lọ bá àwọn àbúrò mi?"

"Mẹ́jọ, Bàbá."

"Nọ́ńbà wo ni mo torí ẹ̀ gé igi ọsàn mi?"

"Mẹ́jọ."

"Ogójì igi, Hemba. Èyí tí mo fi owó ẹ̀ rán ọ nílé-ìwé wà níbẹ̀."

Bàbá mi kì í pariwo. Ìbá sàn fún mi kó pariwo.

"Gbọ́ mi," ó ní. "Kò sẹ́ni tó ní kí o purọ́. Má ṣe wá sí ìpàdé lọ́jọ́ Sátidé. A máa ní ara ẹ ò yá."

"Ara mi yá, Bàbá."

"Hemba!"

"Bí mo bá dákẹ́, ẹ máa tẹ̀ka. Ilẹ̀ máa lọ. Wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á bá a ní tútù. Kí lẹ máa wá sọ fún àwọn àbúrò yín nígbà yẹn?"

"Èyí tí mo bá fẹ́ sọ ni mo máa sọ! Ṣé o fẹ́ kí n dúró láàárín ìlú kí n ní mo tan àwọn ọmọ ìyá mi jẹ?"

Mo fa lẹ́tà náà yọ, mo nà án sí i. Kò wò ó. Ó padà sídìí iṣu rẹ̀, ó ń gé e bí ẹni pé iṣu náà ló ṣẹ̀ ẹ́.

Mama Nyitamen gbọn atẹ rẹ̀. "Adzege, kí lò ń bá a jà sí? Lọ́jọ́ tí o fẹ́ gé igi ọsàn, mo dì mọ́ igi, o ní tí mi ò bá kúrò o máa gé èmi náà mọ́ ọn. Ta lo fẹ́ kí ọmọ ẹ jọ?"

"Mama, ẹ má dá sí i."

"Mo ti dá sí i."

Lọ́jọ́ kejì ni Terngu gbé ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ dé, ó wọ bàtà tó ń dán, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín ìgbà tí a ń jí máńgòrò.

"Dókítà oníṣirò! Wọ́n ní ilẹ̀ ti jìn sí i lálẹ́ àná."

"Ilẹ̀ ò kúrò níbi tó wà. Èmi ni mo wò ó dáadáa."

"Ṣé lónìí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ojú ni?" Ó jókòó sórí igi ìdáná. "Wò ó, Hemba. Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni pé jẹ, kí o sì fún ọmọ ìyá ẹ. Ìwọ ti jẹ tìẹ. O jẹ oyè, o jẹ orúkọ, o ń gbé Makurdi nínú ilé tó níná. Àwa tó kù síbí ńkọ́? Kí lo fún wa?"

"Kí ló yẹ kí n fún yín, Terngu? Ihò?"

"Kódà kó jẹ́ ihò! Kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ wọn dé ibi ihò, wọ́n gbọ́dọ̀ la ọ̀nà. Wọ́n ti ṣèlérí ilé ìwòsàn. Tí wọn ò bá rí ooru, ọ̀nà kì í ká kúrò nílẹ̀, àbí?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo mọ ojú ọ̀nà Mbagande nígbà òjò. Mo mọ àwọn obìnrin tí wọ́n bímọ sórí ọ̀kadà kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Mo ní kó gbé ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ka sí wá kí n kà á. Ó gbé e wá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ilẹ̀ di tiwọn títí láé. Níbo ni wọ́n kọ ọ̀nà sí? Níbo ni ilé ìwòsàn wà?"

Ó wo bàtà rẹ̀. "Ìyẹn, ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́."

"Ṣé bí èmi náà ṣe fi ẹnu sọ mẹ́jọ?"

"Ìwọ ò fi ẹnu sọ ọ́," ó ní, ó sì dìde. "Ìwé lo fi sọ ọ́, ọmọ Adzege. Wàá rí i lọ́la. Ìwé ò ṣe é gbé mì."

Lọ́jọ́ Sátidé, oòrùn ti gòkè nígbà tí gbogbo ìlú péjọ sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀bá ilé-ìwé. Àwọn àgbà wọ aṣọ onílà dúdú àti funfun wa. Bàbá mi jókòó níwájú, àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Wọ́n gbé tábìlì kan sáàárín, pẹ̀lú ìwé àti tàdáwà ìtẹ̀ka. Terngu sọ̀rọ̀ tó dùn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó wá na lẹ́tà ilé-iṣẹ́ sí mi níwájú gbogbo wọn, ó ní kí ọmọ wa tí a fi ń yangàn fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Mo dìde.

"Mo ṣìṣe," mo ní. "Ọdún méjìlá nìyí tí mo ti ṣìṣe. Kì í ṣe mẹ́jọ, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Ilẹ̀ wa ò gbóná ju ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn lọ. Bí ẹ bá fún wọn ní ilẹ̀ yìí, ohun tí wọ́n ń wá ò sí níbẹ̀, ilẹ̀ yín ò sì ní padà wá."

Ariwo ta. Ọkùnrin kan nawọ́ sí mi láti ẹ̀yìn: "Omi ìsun gbígbóná tí a fi ń wẹ ìyá ìkókó ńkọ́? Ṣé àjẹ́ ló ń bá wa gbé e kaná?" Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an.

"Omi òjò ni," mo ní. "Ó wọ inú àpáta tó sán, ó rìn lọ sísàlẹ̀ ju kìlómítà kan lọ, ó gbóná níbẹ̀, ó sì sáré gòkè padà kó tó tutù. Ibi tó jìn níbikíbi láyé ló gbóná. Ọ̀nà tí omi yẹn gbà la ní, a ò ní iná ìdáná tiwa."

Iorhemen, àbúrò Bàbá mi tó ti ṣe olùkọ́ rí, tó sì ti sunkún nítorí ibojì bàbá rẹ̀ kó tó gbà, dìde. Ohùn rẹ̀ le koko. "Ọmọ, lọ́jọ́sí o sọ mẹ́jọ, a gbà á. Lónìí o sọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Lọ́dún tó ń bọ̀, mélòó ló máa jẹ́? Kí lo fẹ́ kí a fi gbà ọ́ gbọ́?"

"Ẹ má gbà mí gbọ́," mo ní. "Ẹ wá wò ó."

Lẹ́yìn ilé-ìwé, ihò kan wà tí àwọn tó ń wá òjé gbẹ́ láyé àwọn bàbá wa, ọ̀ọ́dúnrún mítà sísàlẹ̀, wọ́n fi irin dé e lórí. Mo ti gbé okùn wáyà gígùn wá láti Makurdi, tẹmómítà tó ń wọn ooru wà ní ẹnu rẹ̀ kan, àpótí kékeré tí nọ́ńbà ń hàn lójú rẹ̀ sì wà ní ẹnu kejì tó wà lókè. Gbogbo ìlú tẹ̀lé mi. Kí n tó sọ ọ́ sísàlẹ̀, mo dúró lórí ìdérí irin náà.

"Ẹ gbọ́ kí n sọ ọ́ ṣáájú, kí ẹ má baà ní mo wá àwáwí. Bí mẹ́jọ bá jẹ́ òótọ́, ìsàlẹ̀ ihò yìí á tó dígírì mọ́kàndínláàádọ́ta. Bí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n bá jẹ́ òótọ́, kò ní ju mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lọ púpọ̀. Bó bá jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́ta, mo máa fọwọ́ sí lẹ́tà Terngu lójú yín, mo sì máa fa tèmi ya. Ẹni tó ń bínú sí mi jù ni kó mú àpótí yìí, kó máa kà á."

Iorhemen ló mú un. Ọkùnrin méjì gbé irin kúrò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wáyà sílẹ̀, Iorhemen sì ń kà á sókè bí ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ ilé-ìwé. Ní àádọ́ta mítà, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ní ọgọ́rùn-ún, ọgbọ̀n. Ní igba, méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹ má rò pé mo dá ara mi lójú tán, ẹni tó ti ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan tún lè ṣì í lẹ́ẹ̀kejì. Ní igba ó lé àádọ́ta, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Wáyà kan ìsàlẹ̀. A dúró kí nọ́ńbà náà fara balẹ̀.

"Márùndínlógójì," Iorhemen ní. Ó gbọn àpótí náà díẹ̀, ó tún un wò. "Márùndínlógójì ni."

Terngu pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ihò àtijọ́ nìyí! Omi tútù ti kún inú ẹ̀. Mẹ́jọ tí wọ́n tẹ̀ síwèé ni ilé-iṣẹ́ mọ̀, àwọn onímọ̀ ayé ló sì fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ ká padà sídìí tábìlì. Ta ló máa rìn kìlómítà mẹ́jọ wọlẹ̀ lọ wò ó pé irọ́ ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé wọ́n ń padà lóòótọ́, wọ́n ń lọ sábẹ́ igi máńgòrò, torí iná mànàmáná dùn, òtítọ́ dọ́jà ó sì kùtà. Bàbá mi ló ṣíwájú wọn. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ní kí wọ́n ṣí tàdáwà. Ó ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ tàdáwà dáadáa. Omi bọ́ lójú mi, mi ò fi pa mọ́.

"Terngu," ó ní, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè. "Ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ooru fún mi."

Terngu kà á. "'Gẹ́gẹ́ bí ìwádìí Hembadoon Adzege ti fi hàn, ooru náà wà ní kìlómítà mẹ́jọ...'"

"Orúkọ ọmọ mi nìyẹn?"

"Òun ni, Bàbá."

"Òun náà ló dúró síbẹ̀ yẹn?"

"Òun ni, ṣùgbọ́n..."

"Kí ló wí?"

Terngu tẹ́ ìwé náà padà sórí tábìlì.

Bàbá mi yíjú sí àwọn àbúrò rẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ kí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, síbẹ̀ gbogbo ènìyàn ló gbọ́ ọ. "Nọ́ńbà ọmọ yìí ni mo fi gba ilẹ̀ bàbá wa lọ́wọ́ yín. Ìwọ Iorhemen sunkún, mo ní o ń ṣe bí ọmọdé. Mo ṣìṣe. Ẹ gba ilẹ̀ yín."

"Bàbá, ẹ rò ó dáadáa," Terngu ní. "Tàdáwà ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kó tán."

"Mo ń bọ̀ wá tẹ̀ ẹ́. Hemba! Lẹ́tà tí o fẹ́ fi hàn mí níjẹta dà?"

Mo fà á yọ nínú báàgì mi. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, lórí ìwé ilé-iṣẹ́ gan-an.

"Èwo ni orúkọ ẹ níbẹ̀?"

Mo fi ìka hàn án. Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ orúkọ mi, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì fi ọwọ́ kejì ti ọwọ́ náà mọ́lẹ̀ kó lè hàn.

"Èmi náà sọ mẹ́jọ," ó ní. "Kí wọ́n yọ tèmi náà kúrò."

Ó di ọdún kan báyìí, kò sì sẹ́ni tó tẹ̀ka síwèé ilé-iṣẹ́. Iná mànàmáná ò tíì dé Mbagande, àwọn kan níbẹ̀ ò sì kí mi mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ikyernum ní òun ò mọ̀ mí rí. Ìgbéga mi dúró síbi tó wà. Mo fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, bó ṣe wà, pẹ̀lú àbàwọ́n tàdáwà lára rẹ̀. Àwọn olóòtú kọ̀wé padà pé àwọn gbà á, ṣùgbọ́n àwọn ò dá ẹni kejì tó fọwọ́ sí i mọ̀, kí n jọ̀wọ́ sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ti ń ṣe ìwádìí.

Mo kọ ọ́ fún wọn: Adzege, Mbagande.